Orúkọ Tí Omi Gbọ́

Nígbà tí alàgbà Gerásìmù dé ibi tí wọ́n ti ń dárúkọ òkú, gbogbo ilé àdúrà tẹrí ba, àfi Fétíníà tí ọrùn rẹ̀ le gbagidi. "Olúwa, fi ìsinmi fún ọkàn ìránṣẹ́ rẹ, Akíndìn," ni alàgbà wí. Àwọn obìnrin ń sunkún, pósí wà láàárín wọn, èéfín tùràrí ń ta wọ́n lójú. Fétíníà ní tiẹ̀ ń wo ojú òkú náà, ó ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Kì í ṣe ẹni tó wà níbí lẹ ń pè. Ta lẹ ń pè? Ta ló máa dá yín lóhùn?"

Ẹ má rò pé orí rẹ̀ ti dàrú o. Ọmọ tó wà nínú pósí yẹn, ọmọ ìsàmì rẹ̀ ni. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi gbà á lọ́jọ́ tí wọ́n yọ ọ́ nínú omi, òun nìkan ló sì kù láyé tó mọ orúkọ tí wọ́n pè sórí ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn. Kì í ṣe Akíndìn. Kò jọ Akíndìn rárá.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, àmọ́ ní Kẹdrófkà, létí odò Písímà, ọjọ́ ni wọ́n ń wò. Kristẹni ẹlẹ́sìn àtijọ́ ni wọ́n níbẹ̀. Wọn ò ní àlùfáà, wọn kì í fá irùngbọ̀n, wọn kì í mu tíì, ohun tí baba ńlá wọn ò bá ṣe, ẹ má fi lọ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá bímọ, alàgbà á ṣí ìwé àwọn ẹni mímọ́, á wo àwọn tó ni ọjọ́ náà, á mú orúkọ ọ̀kan nínú wọn fún ọmọ. Ìdí nìyẹn tó o fi máa rí ọmọ jòjòló níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ gùn ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Bàbá kì í dá sí i, ìyá kì í dá sí i. Ìyá ọmọ ò tiẹ̀ gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ ilé àdúrà títí ogójì ọjọ́ á fi pé lẹ́yìn ìbímọ, nítorí náà ìyá ìsàmì àti bàbá ìsàmì ló ń gbé ọmọ lọ, àwọn náà ló ń gbé orúkọ bọ̀ wálé fún un.

Màlánà, ìyá ọmọ yìí, ti sin ọmọ mẹ́ta kó tó lóyún rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó pé oṣù kan. Nígbà tí oyún kẹrin ti ga, obìnrin arìnrìn-àjò kan tó ń lọ láti ibi mímọ́ kan sí èkejì sùn sílé rẹ̀, ó sì sọ fún un nípa ẹni mímọ́ kan tó ń jẹ́ Akíndìn. Ó ní ní èdè àwọn ará Gíríkì, ìtumọ̀ orúkọ náà ni ẹni tí ewu ò lè fọwọ́ kàn. Ó ní ọba Páṣíà kan jù ú sínú òjé tó ń hó, ó jáde. Ó jù ú sínú òkun, ó jáde. Obìnrin náà ò sọ fún un pé iná ni wọ́n padà fi pa á. Ta ló máa sọ irú ìyẹn fún aboyún?

Màlánà di orúkọ yẹn mú bí ẹni tó rì sómi ṣe ń di ẹ̀ka igi mú. Ọjọ́ ẹni mímọ́ náà bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ òtútù, nígbà tí wọ́n ń dáná sábẹ́ ahéré tí wọ́n ti ń gbẹ ọkà. Ẹ sì wo iṣẹ́ Ọlọ́run, ọjọ́ yẹn gan-an ló bímọ sí ilé ìwẹ̀, níbi tí gbogbo obìnrin ibẹ̀ ti ń bímọ. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni mímọ́ márùn-ún ló ni ọjọ́ náà. Akíndìn lorí, Pígásì ló tẹ̀ lé e. Wọ́n sì máa ń sọ ọ́ ní abúlé pé Akíndìn á dáná sí ahéré, Pígásì á pa oòrùn. Torí pé ìgbà yẹn ni ilẹ̀ máa ń tètè ṣú ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́, àwàdà lásán ni, àmọ́ kí lẹ fẹ́ kí abiyamọ tó ti sin mẹ́ta fi pípa oòrùn ṣe?

"Fétíníà," ó ń sọ̀rọ̀ látorí koríko níbi tó dùbúlẹ̀ sí, "bá mi bẹ alàgbà. Akíndìn ni kó fún un. Ẹlòmíràn tó bá wù ú náà, mo gbà, ṣùgbọ́n kó má ṣe jẹ́ Pígásì. Màá kú o. Kó má pa oòrùn mi."

"Ṣé ẹnu mi wúwo ni?" Fétíníà dá a lóhùn. "Màá sọ. Gbé ọkàn rẹ balẹ̀, ìyálọ́mọ."

Ó sì fẹ́ sọ ọ́ lóòótọ́. Ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni wọ́n láti kékeré, kò sì sí ohun tí Màlánà lè bẹ̀ ẹ́ tí kò ní ṣe. Àmọ́ nǹkan kan wà tí Màlánà ò mọ̀. Fétíníà ti lọ mu tíì.

Ẹ̀yin ẹ rẹ́rìn-ín. Tíì lásán ni lójú yín. Ní ọjà ọdún ló ti mu ún, ìyàwó oníṣòwò awọ kan ló dà á fún un tòun ti ṣúgà, òtútù ń mú un, ó mu ún, ó tún béèrè òmíràn. Àwọn kan rí i. Ọ̀rọ̀ dé etí alàgbà Paramónì tó wà nípò nígbà náà, bàbá kan tí ojú rẹ̀ dá bí ojú ẹyẹ òwìwí, tó ń gbé ní abúlé òkè odò. Ó dìde láàárín ìjọ ó ní òun gbọ́ pé ẹnì kan nínú àwọn obìnrin òun fi ẹnu kan ohun ayé, kí onítọ̀hún jáde wá tọrọ àforíjì. Fétíníà ò jáde. Ẹni tó bá wà lábẹ́ ìjìyà ò sì gbọdọ̀ gba ọmọ ẹnikẹ́ni nínú omi.

Bó ṣe dúró ti agbada omi nìyẹn, tí Mókéì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó jẹ́ bàbá ìsàmì, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Alàgbà Paramónì ṣí ìwé. Ó ka orúkọ àwọn ẹni mímọ́ náà, ó wá gbójú sókè, ó sì wo Fétíníà. Bóyá kò tiẹ̀ ní nǹkan kan lọ́kàn. Àmọ́ lójú Fétíníà, bí òun bá la ẹnu pẹ́nrẹ́n, ohun tí bàbá yẹn máa sọ ni pé, "Ìwọ, ẹnu yẹn, kí ló gba ibẹ̀ kọjá lọ́jà?" Ó pa ẹnu dé. Bàbá náà dúró díẹ̀. Ó ní, "Mo ti fi Akíndìn fún ọmọ kan lódìkejì odò láàárọ̀ yìí. Èyí á jẹ́ Pígásì." Ó ri ọmọ náà bọ omi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó pe Pígásì sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọmọ ké, ó parí.

Nínú ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí ẹṣin ń fà lórí yìnyín, Mókéì ò wo ojú rẹ̀. "O ò sọ̀rọ̀," ó ní.

"Mi ò ráyè."

"Àyè wo? Bàbá yẹn dákẹ́ débi pé mo rò pé oorun ti gbé e lọ."

"Mókéì, fi mí sílẹ̀ jàre."

"Mo fi ọ́ sílẹ̀. Ìwọ lo máa lọ sọ fún ìyá ọmọ, kì í ṣe èmi."

Màlánà ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ nínú òtútù yẹn, aṣọ kan ṣoṣo lọ́rùn, ẹ̀jẹ̀ ìbímọ ò tíì gbẹ lára rẹ̀. "Kí ni wọ́n sọ ọ́?" Ó na ọwọ́ sí ọmọ náà. "Fétíníà, kí ni wọ́n sọ ọ́?"

Fétíníà wo ojú yẹn, ó ní, "Akíndìn."

Màlánà bú sẹ́kún, ó gbá ọmọ mọ́ra, ó gbá Fétíníà náà mọ́ra. "Kúmà mi," ó ní, torí pé láti ọjọ́ náà lọ, bí ìyá ọmọ àti ìyá ìsàmì ṣe máa ń pe ara wọn nìyẹn. "Kúmà mi, Ọlọ́run ló máa san án fún ọ." Mókéì bọ́ fìlà, ó kọjú sí ẹṣin rẹ̀, ó ń tún ìjánu tí kò bàjẹ́ ṣe.

Fétíníà ti rò pé òun á tún un ṣe. Tí ara Màlánà bá yá, òun á sọ. Tí ọmọ bá pé ogójì ọjọ́, òun á sọ. Alàgbà Paramónì kú kí yìnyín tó yọ́ lójú odò, ọ̀kan lọ nínú àwọn tó mọ̀. Ibà gbé Mókéì dè nígbà tí ọmọ ti ń sáré kiri, ó sì di ọwọ́ Fétíníà mú lórí ibùsùn ikú, ó ní, "Tún ọ̀rọ̀ yẹn ṣe, àbúrò mi, má gbé e lọ sọ́run." Ó ní òun á tún un ṣe. Ẹ gbọ́, àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ẹni tó pa òwe yẹn ò mọ Fétíníà. Ogún ọdún kọjá, òtítọ́ ò bá nǹkan kan.

Ohun tó tún wá ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni pé orúkọ yẹn ṣiṣẹ́! Ọmọ náà já sínú odò ní kékeré, ó gun òkìtì yìnyín jáde bí ẹja. Òrùlé ilé ìwẹ̀ wó lé e lórí, wọ́n bá a lábẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ búrẹ́dì dúdú rẹ̀ lọ. Bàbá rẹ̀ kú, àìsàn kan náà mú òun, ó kọjá lára rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà bẹ́ẹ̀, Màlánà á jáde síta, á na ọwọ́ sókè, á ní, "Ṣé ẹ rí i? Ṣé ẹ rí ẹni tí ewu ò lè fọwọ́ kàn?" Fétíníà á fi tipátipá rẹ́rìn-ín. Àwọn ọjọ́ mìíràn wà tó tiẹ̀ ń sọ fún ara rẹ̀ pé bóyá irọ́ òun ni Ọlọ́run fọwọ́ sí. Èèyàn ò ní ṣe aláìrí ohun tó máa fi rẹ ara rẹ̀ lẹ́kún.

Akíndìn fúnra rẹ̀ fẹ́ràn ìyá ìsàmì rẹ̀ gan-an. Òun ló ń la igi ìdáná fún un, òun ló ń gbá yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

"Ìyá ìsàmì," á ní, "ewu pàdé mi lójú ọ̀nà lánàá."

"Kí ló sọ fún ọ?"

"Ó ní, 'Jọ̀ọ́, ta ni ẹ̀yin?' Mo dárúkọ mi fún un. Ó kí mi dọ̀bálẹ̀, ó sá lọ."

"Kúrò níwájú mi, aláwàdà. Ẹ̀rín ò ní jẹ́ kó o níyàwó."

Ó máa rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Tó bá ti lọ tán, Fétíníà á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, á máa wo igi tó là fún un.

Inú igbó igi ló ti kú, láàárín ọ̀gìnnìtìn. Tárásì tí wọ́n jọ ń gé igi ló wá sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, ó dúró sáàárín ilé Màlánà, ó ń fún fìlà rẹ̀ bí ẹni ń fún aṣọ tútù. Ó ní wọ́n gé igi kan, igi náà ò délẹ̀, ó fẹ̀yìn ti igi mìíràn lókè. Igi tó bá há bẹ́ẹ̀, apààyàn ni, ẹṣin ni wọ́n fi ń fà á láti ọ̀nà jíjìn.

"A ní kó fi í sílẹ̀," Tárásì ní. "Ọlọ́run gbọ́, a sọ ọ́. Ó ní ewu iná kì í pa àwòdì. Ó bi wá pé, 'Kí lorúkọ mi?' Gbogbo wa sì dáhùn pé, 'Akíndìn!' Bó ṣe máa ń ṣe é nìyẹn, bá a ṣe máa ń dá a lóhùn nìyẹn, eré ni. Ó gbé àáké, ó wọ abẹ́ rẹ̀."

Màlánà ò sunkún nígbà tó gbọ́ ọ. Fétíníà ló ṣubú lulẹ̀. Àwọn obìnrin ní, "Ẹ wo bí ìyá ìsàmì ṣe fẹ́ràn ọmọ yìí," wọ́n sì ń bu omi sí i lójú. Ohun tó ń dún lórí rẹ̀ ni pé òun lòun pa á. Òun lòun fún un ní orúkọ tó gbójú lé wọ abẹ́ igi, orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, tí ẹni mímọ́ tó ni ín ò sì mọ̀ ọ́n rí.

Bí wọ́n ṣe sin ín tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà fún ọkàn rẹ̀ lójoojúmọ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù tuntun ti ba Fétíníà. Ó lọ bá alàgbà Gerásìmù, ó bá a níbi tó ti ń tún àwọ̀n ẹja ṣe.

"Alàgbà, ìbéèrè kan ń jẹ mí lọ́kàn."

"Jókòó kó o bi mí. Tó bá jẹ́ ti adìyẹ ìwọ àti aládùúgbò rẹ, mi ò dá sí i mọ́."

"Kì í ṣe ti adìyẹ. Bí wọ́n bá ń fi orúkọ tí kì í ṣe ti òkú gbàdúrà fún un, ṣé ó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?"

Bàbá náà gbé abẹ́rẹ́ àwọ̀n sílẹ̀. "Kí ló máa gbé e débẹ̀? Bí mo bá dúró síta tí mò ń pe Tárásì, ṣé ìwọ lo máa jáde? Orúkọ tí wọ́n fi ri èèyàn bọmi ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí lọ́run."

"Ọlọ́run ò wá mọ ẹni tá à ń sọ ni?"

"Ọlọ́run mọ gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi purọ́ níwájú rẹ̀." Ó wò ó dáadáa. "Ta ló ní kó o wá béèrè?"

"Ará òkè odò kan ni."

"Ó dáa. Sọ fún ará òkè odò náà pé kó lọ bá ìyá òkú, kó sọ òótọ́ fún un kí ogójì ọjọ́ tó pé, torí ọjọ́ yẹn ni wọ́n máa fi ibi tí ọkàn á wà hàn án. Ẹlòmíràn lè gbàdúrà, ó dáa, kò burú. Àmọ́ àdúrà ìyá lohun tó ń fa ọmọ yọ nísàlẹ̀ òkun. Kí wọ́n má fi í du òkú."

Ó kúrò níbẹ̀. Àdúrà tí Màlánà ń gbà lórí eékún rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn ló ń kàn. Pígásì wà níta lọ́hùn-ún, kò sí ẹni tó ń pè é. Fétíníà sọ fún ara rẹ̀ pé òun ti gba ojú ayé mọ́ ọn lọ́wọ́, òun ò gbọdọ̀ gba ojú ọ̀run náà. Ó gbéra lọ sílé Màlánà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Màlánà jókòó, ó gbé ìbọ̀wọ́ ọmọ rẹ̀ lé itan, ó ń fi òwú tuntun hun ibi tó ti já.

"Kúmà," Fétíníà ní, "ọ̀rọ̀ kan wà."

"Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi. Mi ò rẹ́ni sọ ọ́ fún." Kò gbójú kúrò lára ìbọ̀wọ́ náà. "Mo bínú sí ẹni mímọ́ yẹn o, kúmà. Mo ní, Akíndìn, orúkọ rẹ ni mo fi fún un, níbo lo lọ lọ́jọ́ náà? Mo bú u. Lẹ́yìn náà mo wá rò ó. Àwọn yòókù ò bá mi lo oṣù kan. Èyí dàgbà, ó hu irùngbọ̀n, ó bá mi rẹ́rìn-ín. Ta ló fún mi ní gbogbo ìyẹn? Orúkọ yẹn ni. Bí wọ́n bá sọ ọ́ ní nǹkan mìíràn ni, ọmọ ọwọ́ ni ǹ bá tún sin. Ìwọ lo bá mi bẹ̀bẹ̀ fún un. Ohun tó ń jẹ́ kí n lè dìde láàárọ̀ nìyẹn, kí n má purọ́ fún ọ." Ó wá gbójú sókè. "Kí lo fẹ́ sọ?"

Fétíníà la ẹnu. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni pé, "Mo ní ṣé igi ìdáná rẹ ṣì tó."

"Ó tó. O ṣeun, kúmà mi."

Ó padà sílé, ó gbá ara rẹ̀ létí. Ọ̀lẹ! Ojo! Àgbàlagbà burúkú! Kò sí èébú tí kò bú ara rẹ̀. Bó bá sọ ọ́, yóò gba ohun kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ Màlánà. Bí kò bá sọ ọ́, ọmọ á wà níta. Bó ṣe wà láàárín méjèèjì nìyẹn, ọjọ́ sì ń lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí gbàdúrà fún Pígásì fúnra rẹ̀ nínú ilé rẹ̀, ó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ awọ ka ìforíbalẹ̀ títí orúnkún rẹ̀ fi wú. Ó gbààwẹ̀, ó fi búrẹ́dì àti omi sùn. Àmọ́ òun kọ́ ni ìyá, ó sì mọ̀ ọ́n. Àdúrà náà dà bí ìgbà tí èèyàn ń fi ẹ̀fúùfù ẹnu dáná igi tútù.

Ogójì ọjọ́ pé. Láàárọ̀ yẹn ó pinnu tán: òun á lọ sọ ọ́ kí wọ́n tó wọ ilé àdúrà, bí Màlánà bá lé òun jáde lábúlé, kó lé òun. Ó ní kí òun kọ́kọ́ gbàdúrà kí òun lè lágbára. Ó kúnlẹ̀ sórí ẹní, ó kọjú sí àwòrán àwọn ẹni mímọ́, ó ń forí kanlẹ̀. "Olúwa, fi ìsinmi fún ọkàn ìránṣẹ́ rẹ, Pígásì. Olúwa, ṣàánú Pígásì." Kò gbọ́ ìró ilẹ̀kùn.

"Ta ni Pígásì?"

Màlánà ló dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá yá ìkòkò ńlá tó fẹ́ fi se àlìkámà ọlọ́yin fún ìrántí òkú. Ó ti wẹ̀, ó ti wé gèlè rẹ̀ dáadáa, ó di í lábẹ́ àgbọ̀n bí ọmọge tó ń lọ sọ́jà, àmọ́ ojú rẹ̀ wú.

Àsìkò nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò lè fún un ní àsìkò tó dáa jùyẹn lọ. Fétíníà yíjú padà lórí eékún rẹ̀, ó wo ojú wíwú yẹn àti gèlè yẹn.

"Ọmọ kan ni," ó ní. "Ọmọ òkè odò. Igi ló pa á."

"Igi pa òun náà?" Màlánà jókòó wọ̀ọ̀ sórí àga gbọọrọ. "Ọmọ ọdún mélòó?"

"Bíi ti Akíndìn."

"Olúwa ọba. Ṣé ó níyàá?"

"Ó níyàá."

"Kí ló dé tí kì í ṣe ìyá rẹ̀ ló ń forí balẹ̀ fún un, tó jẹ́ ìwọ?"

"Ìyá rẹ̀ ò mọ̀," Fétíníà ní. "Wọn ò sọ fún un. Ohun tó yẹ kí wọ́n sọ fún un, wọn ò sọ ọ́."

"Háà! Wọ́n fi ọ̀rọ̀ ọmọ pamọ́ fún ìyá ọmọ? Ta ni ìkà yẹn? Ta lẹni náà tó lè máa wo ojú abiyamọ kó máa fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́ fún un? Ọlọ́run á bi í."

"Á bi í, kúmà."

"Á bi í dáadáa." Màlánà nu imú rẹ̀. Ó dìde, ó wá sórí ẹní. "Sún, fún mi láyè."

"Kúmà, ọkà tó o fẹ́ sè ńkọ́..."

"Ọkà á dúró. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ò mọ̀, kí ẹnì kan ṣe ìyá fún un lónìí. Bóyá lọ́jọ́ kan ẹnì kan á ṣe é fún tèmi." Ó kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ dún. Ó forí kanlẹ̀, kò sì gbé e sókè. "Olúwa," ó ní, "èmi ni. O mọ̀ mí, ojoojúmọ́ ni mò ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ti Pígásì ni mo bá wá lónìí. Mi ò mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ẹnì kan fún un lọ́mú, ẹnì kan ti ṣọ́ ọ láìsùn. Jọ̀ọ́ má wo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Pígásì, ọmọ mi, wọlé, má dúró síta nínú òtútù. Wọlé, ọkọ mi. Wọlé." Ó bú sẹ́kún, ó ń pè é, ó ń pè é, omijé rẹ̀ ń rin ẹní. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé òkú dé, Fétíníà ò gbọ́ kó sunkún bẹ́ẹ̀ rí.

Fétíníà kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò lè ṣe àmín. Ohun tó ti ń fi ààwẹ̀ tọrọ nìyí, ó ti rí i gbà, irọ́ mìíràn ló sì fi rà á. Ó mọ̀ nísinsìnyí pé òun ò ní sọ ọ́ mọ́ láé. Báwo ló ṣe fẹ́ sọ ọ́? Ta ló máa dúró níwájú obìnrin yìí láti sọ pé, ìkà tó o gégùn-ún fún yẹn, èmi rèé?

Nígbà tí wọ́n pé jọ sílé àdúrà, Màlánà lọ bá alàgbà Gerásìmù níwájú gbogbo ìjọ. "Alàgbà, ẹ bá mi pe ẹnì kan mọ́ ọmọ mi. Pígásì. Ọmọ òkè odò ni, ìyá rẹ̀ ò mọ̀ pé ó yẹ kóun pè é. Kúmà mi ló ń dá gbàdúrà fún un."

Alàgbà gbójú sókè. Ó wo Màlánà, ó wá wá ojú Fétíníà rí láàárín àwọn obìnrin, ó sì wò ó títí àwọn èèyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí wẹ̀yìn wo ohun tó ń wò. Fétíníà dúró kó pè é jáde. Ó tiẹ̀ gbàdúrà pé kó pe òun jáde. Bàbá náà mí kanlẹ̀, ó kọjú sí àwòrán mímọ́. "Olúwa, fi ìsinmi fún ọkàn ìránṣẹ́ rẹ, Akíndìn," ó ní, ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀, "àti ìránṣẹ́ rẹ, Pígásì." Gbogbo wọn tẹrí ba.

Wọ́n jókòó ti oúnjẹ nílé Màlánà. Tárásì wà níbẹ̀, àwọn agégi wà níbẹ̀, àlìkámà ọlọ́yin wà láàárín tábìlì. Ìyá òkú ló máa ń bu ṣíbí àkọ́kọ́, á sì fún ẹni tó sún mọ́ òkú jù. Màlánà dìde, ṣíbí igi lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ gbọ́ mi," ó ní. "Gbogbo yín ẹ mọ ohun tí kúmà mi ṣe fún mi nígbà tí mo bí ọmọ yìí. Ohun tó tún ṣe fún mi lónìí, ó jùyẹn lọ. Mo ti rò pé inú mi ti gbẹ. Ó fún mi ní ọmọ mìíràn tí màá máa gbàdúrà fún. Mo sọ fún yín, bí mo ṣe ń pe ọmọ yẹn láàárọ̀ yìí, ara mi balẹ̀ bíi pé ẹnì kan dá mi lóhùn." Ó na ṣíbí náà sí Fétíníà. "Gbà, kúmà. Mi ò tíì rí èèyàn rere bíi tìrẹ."

Gbogbo wọn ń wò ó. Àwọn obìnrin ń mi orí, omi wà lójú wọn, Tárásì ní òótọ́ ni, òótọ́ ni. Alàgbà Gerásìmù nìkan ló ń wo abọ́ rẹ̀. Fétíníà gba ṣíbí náà, ó dúpẹ́, ó sì jẹ ẹ́ tán.